Àpò Ọrùn Òfú

Bí mo bá rí ọ̀rá tí omi kún, tó ń rọ̀ dirodiro lọ́wọ́ ọmọ, etí mi á tún gbọ́ èémí ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, tó ń dún bíi fèrè.

Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, ní Kàbà. Mo ṣì kéré, èmi àti ìyá àgbà lọ pọnmi lódò tó ti ń gbẹ, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Ẹyẹ òfú kan dúró níbẹ̀, funfun, ó ga tó mi. Ó ki ẹnu gígùn bọmi. Nígbà tó gbé e sókè, awọ pupa rúsúrúsú abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti wú bí agbè. Ìyá àgbà fọwọ́ kan gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn, èyí tí wọn ò gbà kí bàbá mi tìtorí ẹ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù Ìlọrin.

Wọ́n kí ẹyẹ náà, "Okun o, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló di ẹrù mọ́ ìwọ náà lọ́rùn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹyẹ náà tẹ orí ba, omi ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ẹja mì, àpò náà sì fún mọ́ ọn lágbọ̀n bíi pé kò wú rí. Ó fò lọ.

"Ó ti sọ tiẹ̀ kalẹ̀," ni ìyá àgbà wí. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ náà ti ń wú sínú, tó ń fún wọn lọ́fun. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣíwájú lọ́nà ilé, mo ń jó sí fèrè èémí wọn, títí fèrè náà fi dákẹ́ lẹ́yìn mi; ìgbà tí mo yíjú padà, wọn ò mí mọ́.