Bíríkì Kan Tí Mo Fẹ́ Kó Sọnù

Láti ìgbà tí ìrora ìbàdí ti lé mi kúrò nídìí títún alùpùpù ṣe, ilé ni mo ń jókòó sí ní Banikanni, ládùúgbò wa ní Parakou, tí mo ń ṣọ́ ọmọ ọmọ mi nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Faransé ló mú páálí bíríkì ìṣeré kan wá fún mi, àwọn bíríkì rọ́bà kéékèèké tí wọ́n ń tò mọ́ra. Alùpùpù tí wọ́n yà sára páálí náà kò wù mí. Èyí tí mo gùn wá sí Parakou láti Ṣábẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ géńdé ni mo fẹ́ tò, tòun ti ìjókòó gígùn àti irin ẹ̀yìn tí mo máa ń di àpótí irinṣẹ́ mọ́. Mo kó ìwé tó bá a wá fún ìyá oníkulikuli ẹnu ọ̀nà wa, pé kó máa fi pọ́n ọjà. Ta ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to alùpùpù?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku kí n fi iná ẹ̀yìn sí i, bíríkì kún orí ẹní, ọmọ náà sì ń rá kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó ṣú. Mo dà á dojú bolẹ̀ sórí apá mi, mo ń gbá a lẹ́yìn. Èémí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ń súfèé. Zẹ́mì, ọlọ́kadà tiwa níbí, ló gbé wa dé ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ sì bá wa níbẹ̀.

Dókítà obìnrin kan béèrè ohun tó gbé mì. Ọmọ mi, ìyá rẹ̀, wò mí.

“Papá, ṣé bíríkì yẹn ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

N kò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti ṣẹ́ kulikuli bíńtín sí ọmọ náà lẹ́nu kó má baà ké, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé eyín rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ẹ̀rù ọmọ tí mo bí bà mí.

Dókítà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán àyà kì í rí rọ́bà. Kí n yára lọ ka bíríkì mi, kí àwọn lè mọ èyí tó sọnù àti bó ṣe tóbi tó, káwọn tó ki irinṣẹ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ iye rẹ̀ láìsí ìwé? Nígbà tí mo délé, mo ti ń lọ bẹ ìyá oníkulikuli kí n tó rí i lórí ẹní: abala tí iye bíríkì wà gan-an ló fi pọ́n kulikuli mi. Òróró ti rin ín, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Mo tú alùpùpù mi. Ìjókòó, irin ẹ̀yìn, táyà, gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń gbàdúrà. Ẹlòmíràn ìbá gbàdúrà pé kó pé. Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kó dín kan, kan ṣoṣo, kí ẹ̀bi lè wà lọ́rùn ohun ìṣeré. Lóòótọ́ ó dín kan, pupa kékeré ti iná ẹ̀yìn. Mo gbé ẹní, n kò rí i. Inú mi dùn. Mo dìde láti lọ, ó já bọ́ láti ìṣẹ́po ṣòkòtò mi.

Mo mú un dání. Bí mo bá jù ú sí kòtò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé kò lè dúró de ọjọ́ kan náà.

Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. “Bíríkì pé. Kulikuli ni. Èmi ni mo fún un.”

Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún dókítà ní èdè Faransé, lẹ́yìn náà fóònù kú.

Wọ́n yọ kulikuli náà kí oòrùn tó wọ̀. Kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí. Ìyá rẹ̀ kò bá mi wí rí lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Bó bá kí mi tán, á pọn ọmọ rẹ̀, á sì gbé e lọ sọ́jà.