Àwọn Tó Gé Ọparun Etí Odò

Mo kórìíra Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Baṣọ̀run máa ń gbé àdá àti ìgbálẹ̀, tí wọ́n á máa yẹ ọgbà wò láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tí koríko bá hù lọ́gbà rẹ̀, ọ̀bùn ni lójú wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n gbá títí tó fi ń dán nìkan ni ilẹ̀ ọmọlúàbí, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ etí odò.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ọparun àti eèsún sí etí odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Àbàtà tó wà níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún kókò, kí omi òjò lè rí ibi dúró sí kó tó máa lọ. Odò tó bá ráyè tàn ká kò ní wá àyè lọ sí pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ni mò ń ṣe é fún. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn, nítorí náà yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sódò ni mo fi wọ́n sí nígbà tí mo mú wọn wá láti Ìsẹ́yìn.

Alága ẹgbẹ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ejò ni mò ń sìn, pé inú kókò mi ni ẹ̀fọn tó ń jẹ òun ti ń wá. Mo ṣàlàyé nípàdé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Mo wá sọ fún un lójú gbogbo wọn pé bí àdá rẹ̀ bá kan ọparun mi, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń tẹ fóònù rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi bímọ, mo lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Challenge mọ́jú Sátidé wọn. Kí n tó dé, wọ́n ti hú ọparun tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n ti dáná sun eèsún, wọ́n sì ti da àwókù búlọ́ọ̀kù dí àbàtà. Wọ́n tún wá gbá a. Mo bú wọn láti ojúlé kìíní dé ìkẹjọ, n kò sì tíì tọrọ àforíjì títí dòní.

Òjò kẹta ló fi hàn wọ́n. Mo wà ní kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Omi wọ́ ilẹ̀ gbígbá wọn lọ, ó wó ògiri ẹ̀yìn, ó sì já sí yàrá ìyá mi. Ó ti dé orí bẹ́ẹ̀dì kí ọkọ mi tó ráyè wọlé pọ̀n wọ́n jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹkún-tẹkún.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá alága jà. Ilé tirẹ̀ náà ti kún fún ẹrẹ̀, àmọ́ kò bá mi jà. Ó mú ìwé kan jáde.

“Tíṣà, ọkọ yín ló fọwọ́ sí i. Ó ní ká ṣe é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò bá sí nílé.”

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo délé, mo bi í. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì òun ń fi ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́, pé inú igbó lòun ń gbé. Mo pariwo débi pé ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó wá gbé wọn padà sí Ìsẹ́yìn.

Ọkọ mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ kó búlọ́ọ̀kù kúrò, ó sì ti gbin ọparun mìíràn. N kò bá a dá sí i. Lọ́dún yìí, omi kún lẹ́ẹ̀mejì, ó tàn sínú àbàtà, ó sì fà. Mo pe ìyá mi, mo ní kí wọ́n máa bọ̀, odò ti ráyè tirẹ̀.

“Ẹ̀rù odò ò bà mí,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó fọwọ́ sí i ńkọ́, ṣé inú ilé yẹn ló ṣì wà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i.