Ṣùkú Tó Fì Sósì

Ìyá ìyá mi ti fi orúnkún méjèèjì há orí mi, àdí àgbọn ń ṣàn bọ̀ níwájú orí mi, ìlarun ń han nínú irun mi bí ẹni ń ro oko olókùúta.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "Òṣèré tó jókòó síbi tó o jókòó sí yìí ò mira."

Wọ́n ní nígbà tí àwọn onísinimá wá ya sinimá létí odò Ọ̀ṣun ní Ẹdẹ níbí, obìnrin tí gbogbo ayé ń wò nígbà náà wá dirun lọ́dọ̀ àwọn. Èmi ò gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lónìí, ẹ̀kọ àti àkàrà ni òṣèré náà jẹ lẹ́nu ọ̀nà wa. Bó bá dọ̀la, ó ti di iṣu. Mo bi wọ́n pé èwo gan-an ló jẹ. Wọ́n fi ìlarun kàn mí léjìká.

"Ṣé ẹnu rẹ̀ ni mo ń dì ni?"

Oúnjẹ kọ́ ni ìjà àwọn ará ilé. Ọwọ́ òsì ni ìyá àgbà fi ń dirun. Ta ló fẹ́ kí wọ́n fòsì kan orí òun? Àwọn ìyàwó ilé á kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé lọ dirun ládùúgbò kejì. Ṣùkú wọn gan-an ń tú wọn fó: ó máa ń fì sápá òsì, bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ tí wọ́n fi inú ara wọn bí, ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orí òun mọ́ látìgbà tó ti gbọ́njú.

"Ìyá mi ń purọ́ kí oníbàárà lè wá ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Orí tèmi nìkan ni wọ́n rí dì, torí mi ò tíì lẹ́nu nígbà náà. Ẹnu ọ̀hún ti wá dé báyìí. Òun ni mo fi ń ta òwú ìdirun lọ́jà. Ìyá àgbà sọ ìtàn yẹn títí wọ́n fi kú, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí mi ní ìsọ̀. A jọ ń wo ètò kan lórí fóònù mi, tí wọ́n fi ń ṣèrántí òṣèré tí ìyá àgbà máa ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn àgbà òṣèré ń yìn ín, wọ́n ń nu ojú tí ò tutù. Ni wọ́n bá fi abala sinimá àtijọ́ kan hàn: òṣèré náà kúnlẹ̀ létí odò, ó ń bomi, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ṣùkú orí rẹ̀ fì sápá òsì, bí ẹni tí oorun ń kùn.

Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò.

"Màmá, ẹ rí i?"

"Ṣé ìyá mi nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì láyé?" ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Fóònù rẹ lè ti yí àwòrán po, kó sọ ọ̀tún dòsì."

"Ọ̀tún ló kúkú fi ń bomi."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rọra gbọ́wọ́ sí ìpàkọ́ ara wọn, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Èmi ò ní mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn ṣì ń kọ mí lóminú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ń bú ọjà mi pé kò dáa, n kì í wo ojú rẹ̀. Mo máa ń dúró kó kẹ̀yìn sí mi, kí n wo ìpàkọ́ rẹ̀. Ojú mọ sinimá í ṣe. Ìpàkọ́ ò mọ̀ ọ́n.