Wòsílátù àti Apá Irin Inú Àpótí Téèpù

Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ọmọ Mamobi kan wà tó ń jẹ́ Wòsílátù, ọmọ Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, tí wọ́n bí sí Accra. Ilé-ìwòsàn àdáni kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tútù tí wọ́n ń tọ́jú fọ́tò inú ara àwọn aláìsàn sí. Fọ́tò tuntun wà lórí kọ̀ǹpútà. Ti àtijọ́ wà lórí téèpù, torí téèpù ò náni lówó púpọ̀, dumsor tó ń múná lọ ò sì rí i gbé ṣe: ó sùn sínú ihò rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni.

Àpótí onílẹ̀kùn gíláàsì tó ga ju èèyàn lọ ló gba àwọn téèpù náà, ihò wẹẹrẹ nínú rẹ̀ bí afárá oyin, àmì onílà dúdú lẹ́yìn téèpù kọ̀ọ̀kan. Apá irin kan ń sáré láàárín wọn. Bí dókítà bá béèrè fọ́tò, kọ̀ǹpútà á dárúkọ ihò, apá á fa téèpù yọ, á kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ tí ń kà á, láìsí ọwọ́ èèyàn kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àlejò ń bọ̀ wá wo yàrá náà. Wòsílátù, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, ṣí àpótí, ó to téèpù bíi ti ìsọ̀: aláwọ̀ ewé níbí, aláwọ̀ aró lọ́hùn-ún. Ó dára lójú. Bó ṣe tì í tán báyìí ni dókítà pè, ó ń fẹ́ fọ́tò àtijọ́ kan. Ìyá Ikrimah, ọlọ́ṣẹ Sabon Zongo, wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kókó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí kò bá sí nínú fọ́tò àtijọ́, àyà rẹ̀ ni wọ́n máa là.

Apá irin ti mọ̀ pé ilé dàrú. Ó ń lọ láti ihò dé ihò, ó ń fi iná pupa wo àmì ẹ̀yìn téèpù kó lè mọ ibi tí kálukú kó lọ. Lójú Wòsílátù, ó ti há. Ó ṣílẹ̀kùn wò. Apá dúró gbagidi. Ó tì í, apá tún bẹ̀rẹ̀. Fóònù tún dún. Ó tún ṣí i.

Ibẹ̀ ni Àlàní, ọ̀gá rẹ̀, bá a.

“Wòsí, ṣé o fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni àbí o fẹ́ dá a dúró? Ìgbàkígbà tóo bá ṣí i, ihò àkọ́kọ́ ló ń padà sí.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń múra àtilà á o.”

“Nítorí náà, jókòó lé ọwọ́ rẹ.”

Ó jókòó lé e lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ń jó nílẹ̀, ọkàn ń sá kiri, ojú ò kúrò lára gíláàsì. Ó kú díẹ̀ kó dìde nígbà tí apá dúró, ó yí bìrí, ó já sísàlẹ̀, ó fa téèpù aláwọ̀ aró kan yọ, ó kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Téèpù yí, yí, yí. Fọ́tò yọ.

Dókítà pè: kókó náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò fi bíńtín tóbi sí i. Wọn ò là á mọ́. Ìyá Ikrimah ti ń béèrè wàákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà, tó máa jẹ.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mú yín dé ojú gíláàsì. Ẹ lọ fojú ara yín rí i.