Èmi Ni Mo Ta Alùpùpù Tọ́bò Náà

Òkú ni alùpùpù náà nígbà tí bàbá mi rà á lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan ní Ìlíṣàn. Ó ti dípẹtà, adìẹ sì ti ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní tọ́bò, ohun rìbìtì kan tó ń fi agbára èéfín fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Tí ó bá ń sáré, á máa súfèé.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Lẹ́yìn náà, ìsọ̀ tí bàbá mi ti ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí oríta Íntáṣéńjì ni mo wà. Àwa méjèèjì la jọ tún un ṣe. Èmi ni mo fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀ kí a tó kùn ún. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

“Ìwọ ni kí o tà á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tà á.”

Lẹ́yìn tí ó kú, àbúrò rẹ̀ ní, “Obìnrin kì í ta máṣíìnì.”

Ní Sátidé kan, èmi àti ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá òun àti ọkùnrin ará Èkó kan tí wọ́n ń ti alùpùpù náà jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi tiwa. A kì í tà, a kì í rà, títí oòrùn á fi wọ̀. Àbúrò bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú máa ń tì mí. Bí àlejò bá wà, mi ò lè gbé orí sókè. Nítorí náà mi ò sọ̀rọ̀. Mo ká ìró mi sókè, mo gun alùpùpù náà, mo jókòó.

“Sọ̀kalẹ̀,” ni àbúrò bàbá mi wí.

Mo di ọwọ́ alùpùpù náà mú ṣinṣin.

“Àbí ìwọ náà fẹ́ yé ẹyin sórí ẹ̀ ni?”

Ará Èkó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ó sàba. Màá kó òròmọdìẹ rẹ̀ lọ sí Èkó.”

Ìyá mi wọlé, ó gbé ìrẹsì tí a ti sè láti Fúráìdé jáde, ó gbé e lé táǹkì epo níwájú mi. Mo jẹ ẹ́ síbẹ̀.

“Ọjọ́ ìsinmi kọ́ ló ń dà ẹ́ láàmú,” ni àbúrò bàbá mi wí.

Òótọ́ ló sọ. Ká ní Mọ́ńdé ni, ibẹ̀ náà ni ǹ bá jókòó sí.

Ará Èkó kò lọ. Ó fẹ́ gbọ́ súfèé tọ́bò, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní etí ìró mi.

Oòrùn wọ̀. Mo tú kọ́kọ́rọ́, mo yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Epo wọ́n lọ́dún yẹn, síbẹ̀ mo gùn ún dé àdúgbò Ibido, mo sì gùn ún padà, ó ń súfèé. Nígbà tí mo dé, mi ò pa á. A kì í sáré pa ẹ́ńjìnnì tọ́bò. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù.

Ará Èkó yíjú sí àbúrò bàbá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá owó lé e.”

Nínú ariwo yẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè rọra sọ̀rọ̀. Mo pariwo.

“Èmi ni mo ń tà á. Èmi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.”

Mi ò gbọ́ ohùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn aládùúgbò yọjú.

Ọkùnrin náà wò mí títí, ó wá rìn sọ́dọ̀ mi. “Ó dáa, sísí. Èló?”

Mo sọ iye tí mo fẹ́. Àbúrò bàbá mi na ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni owó náà bọ́ sí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Asàba-lórí-máṣíìnì ní Ẹ̀pẹ́, àdúgbò wa. Wọ́n rò pé ojú á tì mí. Mo máa ń jẹ́ ẹ.