Mo Fi Okùn Tọ́ Táyà Mọ́tò Mi Fúnra Mi

Mo ru sìmẹ́ńtì ní àdúgbò Borokiri, mo sùn sábẹ́ tírélà, kí n tó ra mọ́tò tèmi. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò?

Táyà iwájú ti wọ́, mọ́tò wá ń mu epo jù. Lónìí, mo na okùn gba ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iwájú láti mọ ibi tó wọ́ sí, kí n tó fi sípánà tọ́ ọ.

Kí ìyàwó mi tó kú, òun ló máa ń di sítíárìn mú kó má yí.

Mo pe Bọ́lá ọmọ wa ní Kánádà, mo ní kò sẹ́ni tó máa bá mi di sítíárìn mú.

"Daddy, carry am go mechanic now!"

"Mẹkáníìkì wo ló tó mi?"

Mo fi ìborùn ìyá ẹ̀ so sítíárìn mọ́ àga. Nígbà tí mo tọ́ táyà tán, mo tú u, mo wà á wò: mọ́tò ti ń lọ tààrà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wà á lọ ra gààrí ní Isiokpo. Ta ló máa bá mi jókòó síwájú?