Kámẹ́rà Tí N Kò Ná

Mo rántí ìgbà tí kámẹ́rà wọ́n bí ojú ní Abẹ́òkúta. Ìjọba ti dí ọ̀nà ọjà òkèèrè, tuntun kò sí lórí àtẹ mọ́, àlòkù ni gbogbo àwa oní-fọ́tò ń wá kiri. Àsìkò náà ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìtòkò kú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ parí opó, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé àwọn fẹ́ ta kámẹ́rà ọ̀gá, kí àbígbẹ̀yìn wọn lè fi owó rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

Kámẹ́rà àyálò ni mo fi ń jẹun nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èmi olódodo ọmọ yìí ti pinnu pé n kò ní fi ikú ọ̀gá mi jèrè. Mo wádìí iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́jà, mo ta alùpùpù mi, mo yá owó kún un. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn tí mo jókòó, mo ní, "Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Irinwó náírà rèé. Iye tó tọ́ gan-an nìyẹn."

N kò ní ó ti gbó, n kò yí i wò, n kò bù ú kù. Wọ́n wò mí títí, wọ́n dá kámẹ́rà náà padà sínú àpò awọ rẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ n rò ó ná." Ẹni tó bá fi irinwó bẹ̀rẹ̀, lójú tiwọn, ẹgbẹ̀rin ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí mo ṣe ń búra ni ìfura wọn ń pọ̀ sí i. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Oníṣòwò kan wá láti Ìtòrí. Ó kẹ́dùn, ó ní èbu ti wọ dígí kámẹ́rà náà, ó dìde bí ẹni tó ń lọ, wọ́n pè é padà. Wọ́n ná an títí di Àsárì. Iye tó san kò tó ìdajì tèmi, síbẹ̀ inú màmá dùn pé àwọn ná ọjà náà dáadáa. Owó náà kò gbé ọmọbìnrin wọn dé ilé ẹ̀kọ́. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti fà á fún ọkọ ní Wásinmi. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, màmá wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe ń tún gèlè wọn ṣe, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Kí ló dé tí o ò ná mi lọ́jọ́ náà? Ọ̀ọ́dúnrún ni mo fẹ́ fún ọ. Ìyẹn ì bá tó ọmọ náà."

Mo tún gèlè náà ṣe tán, mo padà sí ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Wọ́n ti kú báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àlòkù wá tà fún mi lónìí, mo máa ń kùn, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, mo máa ń dìde bí ẹni tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbé mi dé iye tó tọ́, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Irọ́ ni mo ka ìyẹn sí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́.